Ọ́fíìsì Ìjọba Ti Parí Ìjà, Wọ́n sì Ti Fi Ọmọ Rẹ fún Mi

Ilé wa, Ìbà,
Ọjọ́ Àlàmísì.

Bámikẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ Máyọ̀wá, mo kí onílé yín, mo sì kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́, ẹni tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀ ṣùgbọ́n tí mo máa ń rántí nínú àdúrà nítorí òun ló ń san owó oṣù rẹ. Báwo ni Àbújá? Ṣé oòrùn ibẹ̀ ò pọ̀ jù? Ọlọ́hun yóò fi ibòji rẹ̀ bò yín. Ilẹ̀ tí ẹ ń tẹ̀ níbẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀, ẹnu tí ẹ fi ń jẹun, ẹ kò ní fi pe olóògùn, ọ̀nà tí ẹ bá gbà jáde láàárọ̀ náà lẹ ó gbà wọlé nírọ̀lẹ́, àmín. Èmi náà wà dáadáa. Orúnkún ọ̀tún ló ń ṣe bí ẹni pé òun ò mọ̀ mí mọ́, ṣùgbọ́n tòsì ń bá a ru ẹrù rẹ̀.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, mo ní kí Tìmílẹ́hìn tún un tẹ̀, bóyá inú rẹ á ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n bó ṣe gbóná náà ló ṣì gbóná. Tìmílẹ́hìn ni ọmọ Èkìtì tó gba yàrá iwájú, tó ń lọ sí yunifásítì. Ó ní kí n fi ohùn tèmi náà ránṣẹ́ padà. Mo gbìyànjú rẹ̀. Mo kí ọ tán, mo dúró kí o dáhùn, o ò dáhùn, mo tún kí ọ, mo wá rí i pé àwọn tó ń kọjá lọ lójúde ti ń wò mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi kúkú ń kọ lẹ́tà. Tìmílẹ́hìn ní òun yóò fi fóònù ya lẹ́tà náà ní fọ́tò, pé yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ kí n tó dìde lórí àga. Nítorí fọ́tò náà ni mo ṣe wẹ̀, tí mo wọ léèsì aláwọ̀ ewé tí o rà fún mi, tí mo sì gbé àga sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà láti kọ ọ́.

Ilé dára. Òjò ti ń rọ̀ dáadáa, kànga wa kún. Àwọn ayálégbé ń san owó bí agbára wọn ṣe mọ. Abọ́sẹ̀dé ọmọ rẹ ti ga, ó ti ń dé ibi tí mo máa ń fi ṣúgà sí, mo ti gbé e kúrò níbẹ̀, ó sì ti mọ ibi tí mo gbé e lọ. Tí mo bá ń kírun, ó máa ń wá tẹ́ aṣọ ìnura rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á forí kanlẹ̀ bí mo ṣe forí kanlẹ̀, èmi á dìde, òun ò ní dìde mọ́, oorun ti gbé e lọ. Gbogbo ẹni tó bá wọ inú ọgbà wa ló ń pè ní Ayálégbé, kódà lémọ́ọ̀mù.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí o bi mí. O ní ta ni mo sọ fún pé èmi ni mo bí Abọ́sẹ̀dé. O ní ẹ ti rí yàrá méjì gbà báyìí, o sì lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀ níléèwé ní Àbújá kó lè wọlé ní Sẹ̀tẹ́ńbà, wọ́n tẹ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ náà sínú kọ̀ǹpútà, orúkọ mi ló jáde gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀, tìrẹ ò jáde níbì kankan àfi ibì kan ṣoṣo tí wọ́n ti pè ọ́ ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀. O ní èyí tó wá dùn ọ́ jù ni pé iṣẹ́ tí ẹ̀ ń ṣe lọ́fíìsì yín gan-an nìyẹn, ẹ̀yin lẹ ń so àkọsílẹ̀ àwọn àjọ ìjọba pọ̀, pé ó ti tó ọdún méjì tí o ti jókòó tì í kí ohun tí àjọ kan bá sọ lè bá ti èkejì mu. Ọmọ mi, ó bára mu. Mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó bára mu débi pé kò sí ibi tí mo lè gbà yọ.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí o gbé e wá fún mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn, mo gbé e lọ sílé ìwòsàn ìjọba kan lápá Okokomaiko kí wọ́n lè wọ̀n ọ́n. Nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Abigail bèèrè lójú gbogbo èrò pé ta ni ìyá ọmọ yìí. Bámikẹ́, o mọ bí a ṣe ń ṣe nílé wa. Àjèjì kì í na ọwọ́ sí ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ kó ní ti ta ni, kí o wá ní kì í ṣe tìẹ. Tí mo bá sì ní ìyá rẹ̀ wà ní Àbújá, àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì á bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú rẹ̀, wọ́n á máa fojú ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ wò ó, ẹnì kan á sì fún un ní bisikíìtì. Mo ní èmi ni. Abigail kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn lo ní kí n bá ọ gba ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ̀, pé ẹ ò ráyè gbà á kí ẹ tó kó lọ. Mo lọ. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ní kí n sọ orúkọ ìyá. Mo ní Ìyá Abọ́sẹ̀dé, nítorí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè mí láti ìgbà tí mo ti ń pọ̀n ọ́n, àwọn tó ń pè mí ní Ìyá Bámikẹ́ ò ju àwọn àgbàlagbà lọ mọ́. Ó ní òun fẹ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ Ìyá Abọ́sẹ̀dé. Mo fún un ní nọ́ńbà mi. Ti ta ni kí n fún un?

Ẹ̀kẹta ni àwọn ọmọ tó ń ka èèyàn láti ojúlé dé ojúlé fún ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n bi mí pé ọmọ mélòó ni mo ní nínú ilé. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n oòrùn ti pa àwọn ọmọ náà, mi ò fẹ́ dá wọn dúró. Mo wo ẹ̀yìn mi, Abọ́sẹ̀dé nìkan ni mo rí, mo ní èyí tó wà nílẹ̀ nìyí. Wọ́n ní ta wá ni Bámikẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò nílé yìí. Mo ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ṣé irọ́ ni mo pa? Ta ló ṣáájú ta dé ilé ayé nínú ẹ̀yin méjèèjì?

Kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ nígbà náà, nítorí àwọn ọ́fíìsì wọ̀nyẹn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti fura sí wọn. O bá dé ọ̀dọ̀ ọ̀kan, á bi ọ́ lórúkọ, á bi ọ́ ní ọjọ́ orí, o bá kọjá sí yàrá kejì, òun náà á tún bi ọ́ lórúkọ, kò ní yọjú sí ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kó ní jọ̀ọ́, kí ni màmá yìí pe ara rẹ̀. Mo mọ irú ìwà yẹn. Bí èmi àti ìyálé mi ṣe gbé nìyẹn kí bàbá rẹ, kí Ọlọ́hun fún un ní àlùjáńnà, tó là wá níjà. Àlejò á wọlé, èmi á gbé omi fún un, ìyálé mi náà á gbé omi fún un, ẹnikẹ́ni ò ní bi ẹnìkejì, àlejò á mu omi ẹ̀ẹ̀mejì. Àwa aráàlú ni àlejò ìjọba. A ti mu omi títí ikùn wa ti wú.

Nítorí náà nígbà tí Muheez dé, inú mi dùn. Muheez ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n gbé sí ọ́fíìsì ìjọba ní Ọ̀jọ́ láti máa bójú tó iṣẹ́ tí ẹ fi ń rán wọn láti Àbújá. Ó pe àwa onílé jọ, ó ní láti ìsinsìnyí lọ, ohun tí aráàlú bá ti sọ ní ọ́fíìsì kan, gbogbo ọ́fíìsì yòókù ti gbọ́ nìyẹn. Mo pàtẹ́wọ́. Èmi nìkan ni mo pàtẹ́wọ́, àwọn yòókù ń dúró de ìgbà tí wọ́n máa pín omi inú ọ̀rá. Mo dìde, mo bi í pé ta ló là wọ́n níjà, èwo nínú wọn ló kọ́kọ́ tọrọ àforíjì, ṣé wọ́n sì ti jọ mu omi nínú ife kan náà kí a lè mọ̀ pé ó ti tán nínú wọn. Ó ní Màmá, ìpàdé ló pọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni tilé wa ṣe pọ̀. Alhaji Àlíù, alága ẹgbẹ́ àwa onílé, ní kí n jọ̀ọ́ jókòó, pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ orogún. Mo ní kọ̀ǹpútà wo ló fẹ́ ṣiṣẹ́ tí àwọn tó jókòó sídìí rẹ̀ bá ń dijú mọ́ra wọn. Muheez ní kí a lọ sórí kókó kejì.

Kókó kejì ni pé dátà àdúgbò wa ò tíì pé. Ojú rẹ̀ ò dùn nígbà tó ń sọ ọ́. Èmi náà mọ bó ṣe máa ń rí lára kí dátà tán mọ́ èèyàn lọ́wọ́, nítorí náà lẹ́yìn ìpàdé, mo rán Tìmílẹ́hìn lọ ra káàdì ní Ìyànà-Ìbà, mo fi lé Muheez lọ́wọ́ pé kó fi kún ti ìjọba. Ó kọ̀ ọ́, ó ní òfin ò gbà kí àwọn gba nǹkan lọ́wọ́ aráàlú. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́. Mo ní lóòótọ́ ni ìjọba yìí ti yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n ìdí gan-an tí mo fi ń yìn yín ò tíì dé. Nígbà tí orúnkún mi kọ̀ láti máa bá mi sọdá títì márosẹ̀ mọ́, mo fi ilé ìwòsàn ti Okokomaiko sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Abọ́sẹ̀dé lọ sí èyí tó sún mọ́ wa ní Ìbà. Àwọn ti Okokomaiko rò pé àwọn ti Ìbà ti fún un ní abẹ́rẹ́ tó kàn, àwọn ti Ìbà rò pé àwọn ti Okokomaiko ti fún un kó tó wá, èmi rò pé àwọn méjèèjì ti fún un, nítorí igbe tí ọmọ yẹn máa ń ké níbẹ̀ kì í jẹ́ kí n mọ ohun tí wọ́n ṣe fún un. Kò sí ẹni tó jẹ̀bi. Kò kàn sí ẹni tó mọ̀ ni.

Lẹ́yìn náà ni èéyi bẹ̀rẹ̀ sí í sú sí àwọn ọmọdé lára ládùúgbò kejì. Mo gbọ́, mo ní Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ kó yà sílé wa, mi ò mọ̀ pé tiwa ò gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ Rachael kan ilẹ̀kùn. Mi ò ránṣẹ́ pè é. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ń wá Abọ́sẹ̀dé, pé àkọsílẹ̀ Okokomaiko àti ti Ìbà ti pàdé, wọ́n ti gbé ọ̀kan lé èkejì, abẹ́rẹ́ èéyi ẹlẹ́ẹ̀kejì ò sì sí nínú ọ̀kankan. Ọmọ tó wà nínú ilé mi, tí mo ń wẹ̀, tí mo ń fún lóúnjẹ, mi ò mọ ohun tó kù fún un. Ẹni tí kò rí i rí ló mọ̀. Ó gún un lórí itan mi. Abọ́sẹ̀dé ké, ó ní kí n lé Ayálégbé yẹn jáde. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, èéyi wọ ojúlé tó kángun sí tiwa, ó gbé ọmọ ibẹ̀ ṣánlẹ̀, ọmọ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má yè é. Tiwa ń ṣeré lójúde. Mo lọ jókòó sẹ́yìnkùlé, mo sunkún díẹ̀, mo gbàdúrà fún ọ, nítorí mo mọ ọwọ́ tó mú àwọn ìwé méjèèjì pàdé. Àwọn èèyàn ti ń bi mí tipẹ́ pé iṣẹ́ kí ni Bámikẹ́ ń ṣe ní Àbújá, mi ò rí èsì kan fún wọn ju pé ó ń jókòó. Mo ti rí èsì báyìí. Mo ní ó ń mú kí ẹni tó mọ̀ sọ fún ẹni tó yẹ kó mọ̀.

Ọjọ́ yẹn náà ni ọ̀rọ̀ kejì bẹ̀rẹ̀. Rachael wo ẹ̀rọ pẹlẹbẹ ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí, ó tún wo ẹ̀rọ náà. Ó ní Màmá, wọ́n ní ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni yín, wọ́n sì ní ẹ bí ọmọ yìí ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Mo ní ti ọjọ́ orí yẹn, bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ṣé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé e. Mo ní abẹ ò kàn mí lára rí. Ó ní kí lẹ máa ń jẹ. Mo ní ẹ̀bà, ẹja, ẹ̀wà lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó kọ gbogbo rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó rí ibi tó ń lọ, mo ní ọmọ ọmọ mi ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni òun rò, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì mẹ́ta ló sọ pé ọmọ yín ni, wọn ò sì gbìmọ̀ pọ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Bámikẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta tí wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, tí ọ̀rọ̀ wọn wá dọ́gba. Ta ni mí tí mo fẹ́ jẹ́ ẹ̀kẹrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀?

Àwọn méjì mìíràn wá láti ilé ìwòsàn, wọ́n mọ́ tónítóní. Wọ́n kó nǹkan ìyá ọlọ́mọ fún mi: nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, ọṣẹ, àti oògùn tó ń fún ni lẹ́jẹ̀. Wọ́n gbà mí nímọ̀ràn lórí ìfètò-sọ́mọ-bíbí, pé kí n fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ kí n tó tún lóyún òmíràn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo ní mo gbọ́, mo ní màá fi àyè sílẹ̀. Àgbàlagbà kì í kọ ìmọ̀ràn.

Bó ṣe di ọ̀rọ̀ àdúgbò nìyẹn. Alhaji Àlíù dúró lójú ọ̀nà, ó ní Ìyá ọlọ́mọ, ẹ kú ewu, kí n jọ̀ọ́ má sọ àṣírí ẹ̀wà yẹn fún ìyàwó òun, pé ilé òun ti kún. Àwọn obìnrin kan wá láti apá Igbó-Elérin, wọ́n fẹ́ fọwọ́ kan ọmọ náà lórí kí tiwọn náà lè dé. Mi ò purọ́ fún wọn. Mo ní ọmọ Bámikẹ́ ni, Bámikẹ́ wà ní Àbújá. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n ní ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀. Wọ́n fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó sílẹ̀ lọ, a jẹ ẹ́.

Mi ò ní fi nǹkan kan pamọ́ fún ọ, Bámikẹ́, Àbíkẹ́ mi. Ó dùn mọ́ mi díẹ̀. Kì í ṣe pé mo fẹ́ gba ọmọ rẹ. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pe Ìyá Abọ́sẹ̀dé nílé ìwòsàn, tí mo dìde, tí ọmọ náà di ìró mi mú, mo máa ń rò pé bóyá ohun tí ìjọba ń pè ní ìyá ni ẹni tó dìde nígbà tí wọ́n pè é. Ìwọ náà rántí ìgbà tí o pè ní Jímọ̀ tó kọjá, tí o ní kí n fún un ní fóònù, tí o ní ìwọ ni Mọ́mì rẹ̀. Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló gé e. Ọmọ náà ló dá fóònù padà fún mi, ó ní Àǹtí inú fóònù ń purọ́. Mo ní kò purọ́. Ó yí fóònù sẹ́yìn, ó wò ó, ó ní kó jáde wá nígbà náà.

Nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ, mi ò fi falẹ̀. Mo mú Abọ́sẹ̀dé lọ́wọ́, mo lọ bá Muheez ní Ọ̀jọ́, mo ní kó bá mi yọ orúkọ mi kúrò kó fi tìrẹ sí i. Mo rò pé á fi ìka kan ṣe é. Ó ní láyé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni, èèyàn á lọ bá ọ́fíìsì kan, wọ́n á fi báírò fa ìlà lé e, àwọn yòókù á ṣì ní ti tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní ní báyìí, ohun tí òun bá yí níbí ti yí dé Àbújá nìyẹn, nítorí náà ẹnikẹ́ni kì í kàn yí i. Ìyá tó wà lákọsílẹ̀ àti ìyá tó ní òun lòun bí i gbọ́dọ̀ jọ wá, tọmọtọmọ, kí wọ́n jókòó síwájú òun. Ó ní ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè lọ́hùn-ún lẹ ṣòfin ẹ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí àwọn ajọ́mọgbé. Mo ní ẹ ṣe é dáadáa. Mo rò ó lọ rò ó bọ̀, èmi náà ì bá ṣe é bẹ́ẹ̀. A kì í fi ohùn inú fóònù gba ọmọ lẹ́yìn ẹni tó ń pọ̀n ọ́n.

Ó wá bi mí pé ìgbà wo ni ìyá tó bí i dé sọ́dọ̀ ọmọ gbẹ̀yìn. Kò ní nǹkan búburú lọ́kàn, àyè tó yẹ kó kọ ọ́ sí ló ṣófo. Mo la ẹnu, mo fẹ́ sọ pé Iléyá, mo wá rántí pé kì í ṣe Iléyá èṣí, èyí tó ṣáájú rẹ̀ ni, o sì ti padà kí ẹran tó tán. Abọ́sẹ̀dé dúró tì mí, ó ń fi ìka yàwòrán sára tábìlì Muheez. Mi ò fẹ́ kó kọ ọ́. Tó bá kọ ọ́ síbẹ̀, ó ti dé ilé ìwòsàn nìyẹn, ó ti dé iléèwé, ó ti dé ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé ẹ̀rí, gbogbo ìjọba á mọ̀ nípa ọmọ mi ohun tí mi ò tíì sọ fún aládùúgbò mi. Mo ní ó ń bọ̀ lọ́nà. Muheez ní nígbà wo. Mo ní ṣáájú kí iléèwé tó wọlé. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà.

Kí n tó gbàgbé, ẹ bá wa wo àwọn tó kù tí wọn ò tíì rẹ́. Àwọn tó ń ṣe títì àti àwọn tó ń ri páìpù omi ṣì ń bára wọn jà ládùúgbò wa, àwọn tàkọ́kọ́ á da ọ̀dà tán, kó tó gbẹ àwọn kejì á ti gbẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń gbé bíìlì iná wá àti àwọn tó yẹ kó gbé iná wá, ó hàn pé àwọn méjèèjì ò tíì fojú kanra rí. Ẹ pè wọ́n jókòó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹni tó lè là wọ́n, orúnkún mi nìkan ni ìṣòro.

Ọ̀rọ̀ owó: Abọ́sẹ̀dé nílò bàtà iléèwé, pupa ló ní òun fẹ́, mo sì fẹ́ ra nǹkan díẹ̀ láti fi kí nọ́ọ̀sì Rachael, bí òfin tirẹ̀ bá gbà á. Má fi owó náà sí báǹkì. Mo ń bẹ̀rù pé báǹkì náà ti wà lára àwọn tó parí ìjà, owó ò ní tíì wọlé tí Alhaji Àlíù á fi gbọ́, á sì wá béèrè owó ẹgbẹ́ onílé. Fi ọwọ́ ara rẹ mú un wá.

Má bẹ̀rù mi. Èmi mọ ẹni tó bí i. Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ mú lọ́jọ́ tí o bí i, o fún ìka mi tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi lè ro ọbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kò sì sí kọ̀ǹpútà kankan nínú yàrá yẹn. Tí o bá dé, má kọ́kọ́ gbé e. Jókòó sílẹ̀, bó o bá fẹ́ kó o máa bó ọ̀pẹ̀ òyìnbó, òun fúnra rẹ̀ á wá bá ọ. Lẹ́yìn náà a ó lọ sí Ọ̀jọ́, èmi fúnra mi ni màá sọ fún Muheez pé kó yọ orúkọ mi, màá sì wo ojú kọ̀ǹpútà náà títí tìrẹ á fi jáde. Ṣùgbọ́n wá. Mo ti sọ fún ọ́fíìsì kan pé o ń bọ̀, ìwọ tó so wọ́n pọ̀ sì mọ̀ jù mí lọ pé tí ọ̀kan bá ti gbọ́, gbogbo wọn ti gbọ́. Má sọ mí di òpùrọ́ lójú gbogbo ìjọba.

Ọlọ́hun tó mọ ìyá ọmọ kọ̀ọ̀kan láìbi ẹnikẹ́ni léèrè yóò ṣí ọ̀nà fún ọ láti ibẹ̀ dé ibí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́, ọmọ tó jáde lára rẹ yóò mọ ohùn rẹ yàtọ̀ sí ti àjèjì, ìwọ náà yóò di ẹni tí wọ́n ń fi orúkọ ọmọ ọmọ pè. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, àti títí di ọjọ́ tí o bá wọlé,

Ìyá Abọ́sẹ̀dé.